Nígbà Tí Àwọ̀ Oúnjẹ Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Parọ́

Bí ènìyàn bá ti Àrámọkọ kọjá ní Ìtawúrẹ́, tó dorí kọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò ní pẹ́ rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ lórí àtẹ ẹ̀bá títì. Òmíràn nínú rẹ̀ dára tinú-tẹ̀yìn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá bó o nílé, inú rẹ̀ ṣì le, ó sì funfun. Bí ẹ bá dín in, kò dùn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ dọ̀la, ìdí rẹ̀ á ti máa rà. Awọ ti pọ́n, inú kò gbọ́ sí i.

Kábáìdì ló ṣe é. Òkúta aláwọ̀ eérú ni, tí àwọn wẹ́dà máa ń bu omi sí kí wọ́n lè rí gáàsì fi jó irin. Ẹni tó bá fẹ́ fi í pọ́n èso á fi bébà wé e, á fi há àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, á wọ́n omi sí i, á sì fi tapólì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ á tan awọ èso jẹ, á mú un gbà pé àkókò òun ti tó. Ohun tó yẹ kó gba ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún á parí ní ọjọ́ kan sí méjì. Kábáìdì tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ irin, kò sẹ́ni tó yọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò nítorí ẹnu ènìyàn. Àsẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì a máa wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye ti gba ipò ọ̀gá àgbà NAFDAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní 2017, àìmọye ìgbà ni àjọ náà ti kígbe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n nìkan, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló kàn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn Èkìtì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ olóko ni, ohun tí a bá sì ṣe sí oúnjẹ níbí, ara wa la kọ́kọ́ ṣe é sí.

Àwọn ìyá wa kò wá nọ́ńbà NAFDAC kankan lára ohun tí wọ́n ń rà lọ́jà Ìjerò. Wọ́n á tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò. Wọ́n á bu èlùbọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á jù ú sẹ́nu. Wọ́n á ti ìka bọ epo, wọ́n á wò ó bóyá ó ki, bóyá pípupa rẹ̀ ti inú wá. Ẹlòmíì lè pe èyí ní àìmọ̀wé. Èmi gbà pé ẹ̀rí ni wọ́n ń gbà lẹ́nu oúnjẹ fúnra rẹ̀. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò bá lú sì ń jẹ́rìí òdodo, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ àti rírọ̀ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo epo pupa. Ohun tó sọ ọ́ di pupa gan-an ni ara ń yí padà sí fítámì A, èyí tí ojú fi ń ríran lálẹ́, tí ara ọmọdé fi ń bá àrùn jà. Ní 2002, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró, nítorí àwọn ọmọ tí kò rí i jẹ tó. Epo tí àwọn obìnrin ń fọ́ ní Ìpótì àti Ìkọ̀rọ̀ ti ní tirẹ̀ láti orí ọ̀pẹ. Nígbà tí ìyá àgbà bá sọ pé epo yìí kò pupa tó, ohun tí onímọ̀ ń fi ẹ̀rọ wá ló ti fi ojú rí yẹn.

Ojú yẹn gan-an ni wọ́n wá ń tàn jẹ. Aró kan wà tó ń jẹ́ Sudan IV, tí wọ́n ṣe nítorí ìda, pọ́líṣì bàtà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń dà á sínú epo tó ti gbó tàbí èyí tí wọ́n ti lú, kó lè pupa. Ní 2015, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Gánà yẹ epo wò ní àwọn ọjà Àkírà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo epo tí wọ́n mú ni wọ́n bá aró yìí nínú rẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ti rí ìbátan rẹ̀ rí: ní oṣù kejì ọdún 2005, oúnjẹ tó lé ní oríṣi 400 ni wọ́n kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nítorí Sudan I tó wà nínú ata gígún tí wọ́n fi ṣe ọbẹ̀ inú ìgò kan. Pípupa tó jẹ́ ẹ̀rí oore ni wọ́n jí, wọ́n wá gbé e wọ ohun tí kò ní oore kankan nínú.

Irọ́ ni mo pè é, n kò sì rí orúkọ mìíràn fún un. Ẹni tó bá fi ẹnu parọ́ fún mi, mo lè bi í léèrè, mo lè já a nírọ́. Irọ́ tí wọ́n bá fi oúnjẹ pa kì í dúró gba ìbéèrè. Á wọ inú ọmọ ọdún méjì tí kò tíì mọ̀ ọ́n sọ, á wọ inú aboyún, á jókòó sínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ọdún á sì gorí ọdún kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni ìdílé á máa wá aríran kiri.

Ohun tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ebè méjì. Ẹ óò bá àgbẹ̀ tó ní ebè kan tí kò fi kẹ́míkà kankan sí, tó ní ti ilé ni. Ẹ óò bá obìnrin tó ń ta ẹ̀wà, tó ti bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fín òògùn sí ti inú àpò. Ti ọjà ni, wọ́n á wí bẹ́ẹ̀ láìfojú bolẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí kan náà, ẹlẹ́mu kì í bu ẹmu fún àlejò láì kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé omi fún ènìyàn á tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Kò sí òfin ìjọba kankan tó pa á láṣẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tí yóò bá pa ọ́, èmi ni yóò kọ́kọ́ pa. Ẹni tó wá fi ti ilé sí ọ̀tọ̀, tó fi ti ọjà sí ọ̀tọ̀, mo gbà pé ó ti pín àwọn ènìyàn sí méjì nínú ọkàn rẹ̀: àwọn tí ẹ̀mí wọn ṣe pàtàkì, àti àwọn oníbàárà.

N kò ní purọ́ pé ayé àtijọ́ kò ní ọ̀dàlẹ̀. A mọ àwọn tó ń gbá ìdí kóńgò wọlé kí gààrí má baà kún un. A mọ àwọn tó ń bu omi lu ẹmu. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń jí lápò ẹni, wọn kò bá ẹ̀jẹ̀ ẹni ṣe. Ìtìjú sì wà. Bí wọ́n bá ká kóńgò bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ á di ohun tí àwọn ọmọdé ń pè lójú pópó, ọmọ rẹ̀ obìnrin lè pẹ́ kó tó rí ilé ọkọ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀wà tí mo mẹ́nu bà yẹn ti dé etí ayé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá. Ìdí rẹ̀ ni dichlorvos, òògùn apakòkòrò tí àwa ń pè ní Sniper. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ni mìlígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Ojú tì wá nítorí owó òkèèrè tó bọ́ lọ́wọ́ wa. N kò gbọ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni nítorí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkógòsì tàbí Òkèmẹ̀sí tí wọ́n ń jẹ irú ẹ̀wà kan náà lọ́sàn-án. Ọdún 2019 ni NAFDAC tó ní kí wọ́n má ta ìgò kéékèèké Sniper lójú ọjà mọ́.

Búrẹ́dì kò yàtọ̀. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fún láyè a máa wú fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù á da potassium bromate sí i, á ga, á fúyẹ́, á sì kún ojú. Bí ó bá pọ̀ jù, tàbí tí iná kò tó, á ṣẹ́kù sínú búrẹ́dì. Ó ti fa jẹjẹrẹ kíndìnrín fún àwọn eku tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1990, Dora Akunyili sì gbógun tì í kíkankíkan nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NAFDAC. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra búrẹ́dì? Àwa la máa ń tẹ̀ ẹ́ wò, tí a óò ní èyí kéré, ẹ fún mi ní ńlá. Aláròóbọ̀ á gbé ọ̀rọ̀ wa dé ilé búrẹ́dì.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà lórí oúnjẹ tí ìjọba gbé jáde ní 2001 gbà wá níyànjú pé kí a máa jẹ oríṣiríṣi oúnjẹ, kí a má fi èso àti ẹ̀fọ́ ṣeré. Ìmọ̀ràn rere ni. Ẹni tó wá jẹ èso kábáìdì nítorí pé ó gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn ńkọ́?

A óò ní NAFDAC wà. Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ pé ó wà. Òfin 1993 ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ló sì ṣáájú òfin yẹn: ní 1990, paracetamol olómi tí májèlé wà nínú rẹ̀ pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ní 2008, ó tún ṣẹlẹ̀. Òògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ tó lé ní 80, nítorí pé orúkọ kan ló wà lára kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà tí wọ́n fi pò ó, nǹkan mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ta kẹ́ẹ̀gì yẹn mọ ohun tó ń ṣe tàbí kò mọ̀. Àwọn ọmọ ti lọ. Òṣìṣẹ́ tó wà ní ọ́fíìsì Adó-Èkìtì kò lè dé gbogbo ahéré, gbogbo abà àti gbogbo àtẹ láti Ìjerò dé Ẹ̀rìjiyàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní nọ́ńbà lára. Epo inú garawa kò ní. Èlùbọ́ kò ní. Èyí tó tilẹ̀ ní nọ́ńbà, àwọn ayédèrú ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ síta.

Ti àwọn àgbo inú ìgò àti oògùn agbára wá burú ju gbogbo rẹ̀ lọ lójú tèmi. Ọkùnrin á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ọjà, á ka ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn dídùn àti àìrọ́mọbí, ìgò kan ṣoṣo ni á sì nà sókè fún gbogbo wọn. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ ní àtijọ́ á kọ́kọ́ bi ọ́ nípa oorun rẹ, oúnjẹ rẹ àti èèwọ̀ ìdílé rẹ kí ó tó já ewé. Lára ọ̀pọ̀ ìgò wọ̀nyí, ẹ óò rí nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ óò tún rí gbólóhùn tín-ín-rín kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò sàn wò. Ọdún méjì ni wọ́n máa ń fún irú rẹ̀ nínú ìwé wọn, wọn kò sì jẹ́rìí pé ó ń wo àrùn kankan. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó wá pa á tì nítorí ìgò yìí, kò lè ka gbólóhùn yẹn. Kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi tó èyí tí wọ́n fi kọ agbára? Amẹ́ríkà náà kò sàn jù wá lọ níbí: òfin wọn ti 1994 gbà kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé ọjà láì kọ́kọ́ fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ọtí náà kò yàtọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń fọ́, wọ́n sì ń kú. Ẹni tó kú lé ní 15. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol ni, inú ògógóró tí wọ́n mu ló wà, ó mọ́ gaara lójú ju omi lọ. A ti fẹ̀sùn kan òrìṣà kí a tó ronú kan ẹni tó pọn ọtí.

Alárá, ọba Àrámọkọ, àti Ajerò, ọba Ìjerò, wà nínú ìtàn Ifá tí gbogbo àgbà ilẹ̀ yìí mọ̀. Ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, àwọn méjèèjì wà lára wọn. Ọjọ́ tí gbogbo wọn pé jọ, èyí àbíkẹ́yìn kọ̀ láti wólẹ̀ kí bàbá rẹ̀, bàbá sì bínú fi ayé sílẹ̀. Òjò kọ̀ láti rọ̀, aboyún kò bí, oko kò mú èso wá bó ṣe yẹ. Ohun tó máa ń gbà mí lọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé Alárá wólẹ̀, Ajerò wólẹ̀, ebi sì pa wọ́n pẹ̀lú àwọn yòókù.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jà báyìí. Obìnrin kan wà tó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, tó fi ewé bò ó, tó dúró títí ó fi pọ́n. Àmì dúdú díẹ̀díẹ̀ wà lára rẹ̀, inú rẹ̀ sì rọ̀, ó dùn. A óò kọjá lára àtẹ rẹ̀ lọ bá èyí tó ń dán. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, á fi tirẹ̀ ta ọ̀pọ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí i léraléra, kí ni á ṣe lọ́dún tó ń bọ̀?

Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa lágbára. Wọ́n ń fi iye sí ọjà, wọ́n ń bu owó ìtanràn fún ẹni tó bá tà á dínkù, wọ́n lè ní kí ẹnìkan má pàtẹ, kò sì ní pàtẹ. Bí ìyálọ́jà Ìjerò, ti Àrámọkọ àti ti Ẹ̀fọ̀n bá jókòó pọ̀, tí wọ́n fẹnu kò pé ẹni tí a bá ká kábáìdì mọ́ lọ́wọ́ kò ní tajà fún oṣù mẹ́ta, wọn kò nílò ìwé kankan láti Àbújá kí òfin yẹn tó múlẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tó kàn. Kí wọ́n wá ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú ọjà fún àwọn tó fi ewé pọ́n tiwọn, kí oníbàárà mọ ibi tí wọ́n jókòó sí. Àwa tí à ń rà, kí a lọ bá wọn níbẹ̀, kí a san iye tí wọ́n bá pè é láì dúró ná an.