Òfin Ọtí àti Ife Àwọn Aṣòfin

Lọ́jọ́ tí mínísítà ètò ìṣúná bá ń ka ìṣúná ọdún nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù, àṣà ibẹ̀ gbà á láyè láti máa mu ọtí bó ṣe ń kà á. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́dọ̀ dán an wò nínú gbọ̀ngàn náà. Kenneth Clarke, tó wà nípò náà láwọn ọdún 1990, mu wisikí níbẹ̀. Omi làwọn tó tẹ̀ lé e ń mu, ṣùgbọ́n àṣà náà ṣì wà. Inú ìṣúná yìí kan náà ni wọ́n sì ti ń kéde owó orí tó máa gun bíà àti wáìnì aráàlú.

Kò burú kí ìjọba jẹ́ kí ọtí wọ́n. Skọ́tlándì ṣòfin lọ́dún 2012 pé owó ọtí kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju iye kan lọ, bí ọtí bá ṣe le tó sì ni iye náà ṣe ń ga tó. Àwọn tó ń pọn wisikí gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ó di oṣù karùn-ún ọdún 2018 kí òfin náà tó múlẹ̀. Àjọ ìlera ibẹ̀ ṣèwádìí, wọ́n ní ikú tí ọtí ń fà fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tí ì bá jẹ́. Òfin tó dá ẹ̀mí sí, ó yẹ ká yìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Láwọn ọdún 1930, òǹkọ̀wé A. P. Herbert pe ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù lẹ́jọ́, pé wọ́n ń ta ọtí láìgba ìwé àṣẹ. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé aṣòfin kò sí níkàáwọ́ òun. Ẹlẹ́mu tó bá dán irú ẹ̀ wò nígboro, ẹjọ́ ló máa fi jẹ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Downing Street, ọ́fíìsì olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ìlú mọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń mutí níbẹ̀ di òru. Ìwádìí tí Sue Gray, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba kan, gbé jáde lọ́dún 2022 sọ pé ẹnì kan bì, wáìnì ta sára ògiri, wọ́n sì rí àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn tó ń gbálẹ̀ fín. Iṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi bẹ̀rẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọlúàbí lè mutí níbi àríyá, kò ní torí ẹ̀ gbàgbé ẹni tó máa nu ilẹ̀ lẹ́yìn òun. Ẹni tó bá tàbùkù onítọ̀hún ti sọ ara rẹ̀ dìdàkudà, ipò yòówù kó wà.

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tẹ́ ẹ ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bófin mu, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀, torí a wà nínú àjọ Kọ́mọ́ńwẹ́lì. Bí ẹni tó fẹ́ ṣojú yín bá kanlẹ̀kùn, ẹ bi í bóyá ó fara mọ́ ọn pé kí ilé ọtí inú ilé aṣòfin náà gba ìwé àṣẹ bíi ti gbogbo ìlú.