Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, ayé á bá a fi kólẹ̀. Òwe yìí hàn kedere ní Kakuri, ní gúúsù ìlú Kàdúná. Ọdún 1957 ni iléeṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí UNTL, iléeṣẹ́ aṣọ mìíràn níbẹ̀, ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ di ẹni tó ń jókòó sílé. Bàbá tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ wá ń sá sí àga ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ní kó gbàdúrà, á ní, "Ẹ pe ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ẹ̀rọ ló dákẹ́, àwòrán Ọlọ́run tí ìwé Jẹ́nẹ́sísì ní ó wà lára ènìyàn kò parẹ́. Bíi ti bàbá yìí, mẹ́wàá nínú àwọn amí tí Mósè rán sí Kénáánì ka ara wọn sí tata, wọ́n tún ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òmìrán ibẹ̀ ṣe rí wọn. Ta ló tilẹ̀ bi àwọn òmìrán léèrè? Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ ìgbéraga fún àwọn ará Róòmù lóòótọ́, àmọ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ́ńbẹ́lú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ẹnu ara yín fọ́ igbá yín.