Bí ẹni tó ń rà kò bá béèrè

Ọkọ̀ Renault 4 kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní Àjàṣẹ́. Ọdún 1961 ni ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, iye tí wọ́n sì ṣe lé ní mílíọ̀nù 8. Ara dáṣíbọọ̀dù ni ọ̀pá jíà rẹ̀ ti yọ jáde bí ọwọ́ agboòrùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ tà á fún olùkọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ìjókòó ẹ́ńjìnì já. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní silentbloc: irin méjì tí rọ́bà so pọ̀. Irin ni ó gbé ẹ́ńjìnì dúró; rọ́bà ni ó ń gba ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ mọ́ra, kí ó má baà dé ara ọkọ̀. Bí rọ́bà bá ti ya kúrò lára irin, ẹ́ńjìnì a máa fò nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra.

A lè dúró de tuntun. A sì lè jó irin mọ́ irin kí ilẹ̀ tó ṣú. Mẹkáníìkì ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ tí ó ń rìn ni ẹni tó fẹ́ rà á ń wá." Mo ní kí ó jó o.

Kò purọ́: ọkọ̀ náà rìn. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì kò kú. Ó kàn ṣí lọ sí ibòmíràn ni. Yóò máa tú nọ́ọ̀tù, yóò máa la irin ara ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹni tó rà á yóò fi máa náwó sórí àrùn tí kò mọ orísun rẹ̀. Bí èmi fúnra mi ni n óò máa wà á, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Owó kì í fìgbà gbogbo tó. Ara ẹlòmíràn ni mo fẹ́ gbé àrùn náà sí.

Àwọn kan yóò ní: kò béèrè, n kò sì parọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan kan wà, báwo ni yóò ṣe béèrè rẹ̀?

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ó dé, mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo ní kí ó gbọ́wọ́ lé ara rẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n yọ owó silentbloc kúrò. Mo yọ ọ́. Ìyá mi kò tíì dárí owó yẹn jì mí.