Ìkíni Tó Di Èébú

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan wà ní Èkó tí mo mọ̀ dáadáa, torí ẹ̀gbọ́n mi kan wà nínú ìgbìmọ̀ wọn. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì ń dùn wọ́n. Wọ́n fẹ́ ṣe àyẹ́sí fún bàbá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ni wọ́n ní kó kọ ìwé ìkíni tí wọ́n máa kà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ọmọ náà fẹ́ràn bàbá yìí tọkàntọkàn. Bàbá ló san owó ìdánwò WAEC rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tí ì bá san án. Ó wá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò tóbi tó oore náà.

"Excellent" kò tó o. "Outstanding" ti di ti gbogbo ayé, kò sí ìwé ìkíni tí kò sí nínú rẹ̀. Ló bá ṣí atúmọ̀-èdè orí fóònù rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn atúmọ̀-èdè ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀, inú Webster ti ọdún 1913 ni wọ́n ti ṣà á kọ, ìwé tó ti pẹ́ débi pé ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí "egregious". Ohun tó kọ́kọ́ kà níbẹ̀ ni pé ó túmọ̀ sí ohun tó ta yọ, ohun àrà ọ̀tọ̀, ẹni tó yàtọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó pa fóònù dé. Kò ka ìyókù, níbi tí ìwé náà ti ṣàlàyé pé láyé àtijọ́ ni wọ́n ń fi yin ènìyàn, pé ohun burúkú ni wọ́n ń fi ṣàpèjúwe nísinsìnyí, tó sì fi aṣebi àti àṣìṣe ńlá ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé ìkíni: ó fi ṣàpèjúwe bàbá, ó tún fi ṣàpèjúwe iṣẹ́ tí bàbá ṣe fún ìlú.

Lónìí, tí agbẹjọ́rò bá dìde ní kọ́ọ̀tù tó ní ìwà ẹnì kan jẹ́ "egregious", ohun tó burú jáì ló ń sọ, èyí tó hàn gbangba débi pé kò sí àwíjàre. Adájọ́ tó gba rìbá. Dókítà tó gbàgbé àlùmọ́gàjí sínú ikùn aláìsàn. Ìjọba tó ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún gbọọrọ láìgbé e dé kọ́ọ̀tù. Kì í ṣe burúkú lásán, burúkú tó yọrí láàárín àwọn burúkú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. "Grex" ni agbo ẹran lédè náà, "egregius" sì ni èyí tó ta yọ nínú agbo. Ìyìn pọ́ńbélé ni nígbà náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ̀gàn ara wọn, títí ẹ̀gàn fi borí ìyìn. Àwọn mìíràn tó mú un láti inú Látìnì kò yí tiwọn padà: ará Ítálì ṣì ń kọ "Egregio" sí iwájú orúkọ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún nínú lẹ́tà, agbẹjọ́rò ní Brazil, títí kan Bahia tí àwọn àrọ́mọdọ́mọ Yorùbá pọ̀ sí, ṣì ń pe ilé ẹjọ́ gíga ní "Egrégio Tribunal", adájọ́ á sì gbà á bí ọ̀wọ̀. Ká ní ìlú wọ̀nyẹn ni ọmọ wa ti kọ̀wé, wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni márùn-ún ló ka ìwé náà kó tó lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé Èkó kún sí. Oníṣirò owó kan wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló rí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun wo ojú àwọn tó kù, òun rí i tí wọ́n ń mi orí, òun náà bá mi orí. Ẹnì kan tilẹ̀ fi kún un pé, "Akọ̀wé, gírámà yìí wọlé gan-an o!" Bí ìwé ṣe kọjá lọ́wọ́ àgbà márùn-ún nìyẹn.

Ibí yìí ló ká mi lára jù. Ọmọdé ṣe àṣìṣe, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Àmọ́ nínú àgbà márùn-ún tí orí wọn pé, tí wọ́n ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè la ẹnu rẹ̀ pé, "Kí nìyí túmọ̀ sí?" A ti sọ Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí a fi ń wọn ọgbọ́n ènìyàn, débi pé ẹni tó bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan dà bí ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun kò lọ sílé ìwé. Láti kíláàsì la ti ń kọ́ ọ. Ọmọ tó bá nawọ́ láti béèrè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó bá há ọ̀rọ̀ gígùn sórí, tó ń dà á sílẹ̀ wàràwàrà, òun la ó máa pè ní ọ̀mọ̀wé. Mo fẹ́ràn *Students' Companion* tí Wilfred D. Best kọ, ọ̀pọ̀ wa la fi í múra ìdánwò, ó sì ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n ẹni tó há ọ̀rọ̀ nínú ìwé nìkan, tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, kò tíì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn.

Ẹ wo "notorious", tí àwọn ènìyàn wa ń fi yin pásítọ̀ tàbí olórin tó lókìkí. Òkìkí burúkú ni, ti ọ̀gá olè. Ẹ wo "dastardly", tó ti di dandan nínú gbogbo ìkéde àwọn aláṣẹ nígbàkígbà tí wọ́n bá pànìyàn níbìkan. Ìwà ìkà tó ní ojo nínú ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún, ìkà ẹni tó kọlu aláìlágbára kó tó sá. A ti lò ó títí kò fi wúwo mọ́. "Heinous" ọ̀ràn ńlá ló ń bá lọ, ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lò ó fún ọbẹ̀ tó ta jù ti fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn kan alásè. Atúmọ̀-èdè tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, irú ti A. S. Hornby tí Oxford tẹ̀ jáde ní 1948, tí wọ́n sì ń tún ṣe títí dòní, ìtumọ̀ tòní ló ń kọ́kọ́ fún ọ, pẹ̀lú gbólóhùn tó fi ìlò rẹ̀ hàn. Irú rẹ̀ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa lọ́jọ́ náà.

Gbọ̀ngán kún lọ́jọ́ àyẹ́sí. Bàbá jókòó níwájú, ẹ̀dà tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà bí olóòtú ètò ṣe ń kà á. Nígbà tí ìyẹn dé ibẹ̀, ó gbé ohùn sókè, ó pè é bó ṣe rí i: "í-gí-ríí-jọ̀ọ̀sì!" Ni ilé bá bú sí àtẹ́wọ́. Ìka bàbá dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún gbé e sójú, ó tún ibẹ̀ kà. Ìka náà kò kúrò lójú kan títí wọ́n fi kà á tán.

Ó dìde, ó dúpẹ́, ó jókòó. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó fẹ́ kéde ẹ̀bùn ìwé fún ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ ìlú lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò mẹ́nu bà á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, agbẹjọ́rò, ló bá ẹ̀gbọ́n mi létí mọ́tò: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni bàbá mi fi ṣe yín tí ẹ fi kó gbogbo ayé jọ láti bú wọn?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi lọ bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní kó dìde, kó mú fóònù rẹ̀ jáde, kó ka ohun tó kà lọ́jọ́ sí. Ó ka ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ní, "Máa kà á lọ, ọmọ mi." Ó kà á dé ibi tí ìwé ti sọ pé ohun burúkú ni wọ́n ń lò ó fún, ohùn rẹ̀ sì há. Bàbá kò bá a wí. Ó yíjú sí àwọn ìgbìmọ̀, ó ní ta ni wọ́n fi ìwé náà hàn kó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Bàbá, mo kà á. N kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé èmi nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n, ojú wá tì mí." Àwọn tó kù náà jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti tán lọ́kàn òun. Ó ní, "Mẹ́ta nínú yín ni mo kọ́ ní kíláàsì. Ọjọ́ wo ni mo na ẹnikẹ́ni torí pé ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀?" Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀.

Wọ́n ní àwọn á yan akọ̀wé mìíràn, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ náà gan-an ni yóò tún ìwé ìkíni kọ, kó kọ ọ́ ní Yorùbá, kó sì wá kà á fún òun àti ìyàwó òun nínú yàrá ìgbàlejò. Àwọn ìgbìmọ̀ lọ gba ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ padà láti ilé dé ilé. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, àwọn ìwé tí bàbá ṣèlérí dé ilé ẹ̀kọ́ náà.