A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Ṣé Ènìyàn Lè Fi Òótọ́ Purọ́?

Lọ́tẹ̀ yìí n kò mú ewì wá. Ìbéèrè ni mo mú wá, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2022. Ìbéèrè náà nìyí: bí gbogbo ohun tí ènìyàn kọ sílẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, tí kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ǹjẹ́ onítọ̀hún ṣì lè jẹ́ òpùrọ́?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọmọ Òrè ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Benin rí á mọ ìlú wa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Ẹni tí kò tilẹ̀ débẹ̀ rí á ti gbọ́ ọ tí àwọn àgbà ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Òrè," nítorí ogun abẹ́lé tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1967. Èmi kò bá ogun yẹn láyé. Ìjà Òrè tí èmi mọ̀ ni àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù.

Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Kálukú gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ náà, wọ́n ṣe NUGA ní Yunifásítì Èkó ní oṣù kẹta ọdún yẹn, eré ìdíje tí àwọn yunifásítì wa ti ń bá bọ̀ láti ọdún 1966 tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Àwa tí kò sẹ́ni tó mú wa lọ sí NUGA dá tiwa sílẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti Àkùngbá, Àkúrẹ́, Oǹdó àti Òkìtìpupa wálé pín ara wa sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, a sì ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ní pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Odigbo.

Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ni mo bá sọ ara mi di akọ̀wé. Mo ra ìwé kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i: ta ló gbá a wọlé, ta ló fún un ní bọ́ọ̀lù, ta ló sọ bọ́ọ̀lù nù, apá ibo ni àwọn ọ̀tá gbà kọjá. Bí a bá ti gbá a tán, a ó jókòó sí ìsọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, a ó máa jẹ ẹ̀pà sísè, ariwo á sọ. Bí mo bá ti ṣí ìwé mi báyìí, kẹ́kẹ́ á pa.

N kò ní parọ́ fún yín, ìwé yẹn wúlò. Kí ó tó dé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ le jù ló máa ń jàre. Ọmọkùnrin kúkúrú kan wà láàárín wa tí kì í sọ̀rọ̀, tí wọ́n máa ń mú gbẹ̀yìn bí a bá ń pín ẹgbẹ́. Ìwé mi ló fi hàn pé nínú gòólù mẹ́jọ tí ẹgbẹ́ wa jẹ, márùn-ún ló ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Òǹkà kì í wojú ẹnikẹ́ni, kì í béèrè ọmọ ta ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìwé mi àti òótọ́ ti di ọ̀kan náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi mẹ́rin sí ọ̀kan gba tọwọ́ wa. Mo ṣí ìwé. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sá dé ojú ilé wa, mọ́kànlá nínú rẹ̀ ló gba ọwọ́ òsì. Bọ̀ọ̀dá kan láti Odigbo, tó fi kíláàsì méjì jù mí lọ, ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá ibẹ̀. Mo kà á sókè ketekete. Kíá, ẹnì kan ti pè é ní "Gétì," gbogbo ìsọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá náà ò fọhùn. Lọ́sẹ̀ kejì kò wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, a ò rí i.

Mo wá a lọ sílé. Ó ń sá kòkó bàbá rẹ̀ sóòrùn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá." Ó ní kí n mú ìwé yẹn wá. Ó wò ó títí, kò jiyàn sí òǹkà kankan. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Àbúrò rẹ ńkọ́? Níbo ló wà nínú ìwé yìí?"

Ẹnu mi wọhò. Àbúrò mi ló ń gbá iwájú lápá òsì yẹn. Òun ló yẹ kó máa sáré padà wá ran bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló kó ọwọ́ lé ìbàdí, tó ń wòran. Mo rí i. Mo tiẹ̀ pòṣé. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà ẹni tí kò ṣe nǹkan kan nínú ìwé mi, èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi fa ìlà.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Charles Reep, ará Ìlú Ọba, akọ̀wé owó nínú iṣẹ́ ológun òfurufú. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1950, níbi tí Swindon Town ti ń bá Bristol Rovers gbá, ó mú pẹ́ńsùlù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀lù. Ó kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú gòólù ló wọlé láàárín pásì mẹ́ta tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ó wá ń gba àwọn kóòṣì níyànjú pé kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù gùn-ún lọ síwájú. Òótọ́ ni òǹkà rẹ̀. Àmọ́ nínú bọ́ọ̀lù, ìgbà tó pọ̀ jù ni bọ́ọ̀lù máa ń bọ́ kí pásì kẹrin tó dé. Kí ni gòólù ò ṣe ní í pọ̀ síbẹ̀? Ohun tó pọ̀ lọ́jà ni a ń rí jù lọ́jà.

Àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń ka owó, òun náà la fi ń ka ìwé: kà. Reep ka bọ́ọ̀lù bí owó, kò kà á bí ìwé. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ èyí tipẹ́. Kòkó tí kò gbẹ máa ń wúwo lórí òṣùwọ̀n ju èyí tó gbẹ lọ. Òṣùwọ̀n ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ inú àpò.

Ẹlòmíràn lè ní, "Bọ́ọ̀lù lásán ni, kí ló ń dùn ẹ́?" Ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí eré ilé-ìwé gíga ti jẹ́ òwò ńlá. Ó di oṣù keje ọdún 2021 kí NCAA tó gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pa owó. Ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo ayé ń ka gòólù ọmọ, ọmọ nìkan ni kò rówó kà. Tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ò gba kọ́bọ̀. Orúkọ nìkan ni èrè wọn, òun náà ni àwa òǹwòran sì ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Tẹ́lẹ̀, èèwọ̀ lásán ni mo pe ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tí à ń kà ní ẹni tó bí i, ó sì ní ẹnu láti fi sọ tirẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn lè fi òótọ́ purọ́. Kì í ṣe pé kí a má kà mọ́ o, torí bí a bá da ìwé nù, ẹlẹ́nu líle á tún gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fa ìlà ni yóò jẹ́jọ́ ohun tí kò sí ìlà fún.

Mo padà sí ìsọ̀, mo sọ ti àbúrò mi níwájú gbogbo wọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Kí bọ̀ọ̀dá tó ronú àtipadà sí pápá, ASUU ti wọlé, kálukú ti gba ilé-ìwé lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ní Odigbo títí di òní, àwọn kan ṣì ń pè é ní Gétì, àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka gòólù, ẹ máa kà á lọ. Kí ẹ tó kà á síta, ẹ kọ́kọ́ fi ìwé han ẹni tí ẹ kà. Ire o.