Ọmọlúàbí Lọ́jọ́ Ìbò Káńsù

Ní Òkè-Ògùn, a kì í bẹ èèyàn kó tó yọjú síbi òkú bàbá ẹlòmíràn. Ọmọ Ṣakí tó ń gbé Èkó á wọkọ̀ wálé torí ìnáwó ẹbí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dá owó, ó san. Àdúgbò ní kí wọ́n jáde wá tún ọ̀nà ṣe, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ń pè ní ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà ti kéde pé ìbò káńsù di Sátidé, ẹni yìí kan náà á jókòó sílé, á ní, “Ìbò wo nìyẹn?” Àwọn ọ̀dọ́ á sọ títì di pápá bọ́ọ̀lù torí ọkọ̀ ò rìn. Ó ń dùn mí. Lójú tèmi, ìwà tí kò dé ibi àpótí ìbò kò tíì dé ìlú.

Ìbò kò sì jìnnà síra lọ́dọ̀ wa. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a dìbò ìjọba ìbílẹ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ti gómìnà àti aṣòfin ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e lóṣù Kẹta 2019. Ti ìbílẹ̀ tún dé lóṣù Karùn-ún 2021, ti gómìnà lóṣù Kẹta 2023, ti ìbílẹ̀ lóṣù Kẹrin 2024. Ó kù díẹ̀ kó di ọdọọdún. Ẹni tó jẹ́ pé ìbò ààrẹ nìkan ló ń dúró dè ti fi ohun tó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù lọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, itẹ́ òkú, ọ̀nà àdúgbò, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, ọwọ́ wọn sì wà nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 10 ló jẹ́ ti Òkè-Ògùn. Àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ há sóko lẹ́yìn Tedé torí òjò ti gba ọ̀nà, ta ni yóò lọ bá, Àbújá ni? Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni.

Àwa ọmọ Ìsẹ́yìn àti Òkèhò ní láti máa rántí ọdún 1916. Lóṣù Kẹwàá ọdún náà, ìlú méjèèjì dìde ogun sí ìjọba Òyìnbó. Àwọn Òyìnbó ti fi kóòtù ìbílẹ̀ lélẹ̀, wọ́n fi àwọn tí ará ìlú kò yàn ṣe adájọ́ àti aláṣẹ, wọ́n ń fi tipátipá kó èèyàn ṣiṣẹ́. Captain Ross, àjẹ́lẹ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, ló wà nídìí ètò náà. Kò sí àpótí kankan tí bàbá ńlá wa lè lọ bá láti sọ pé, “Ẹni yìí kọ́ la fẹ́.” Ohun ìjà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba kó ọmọ ogun dé, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ pa á rẹ́. Nígbà tí mo bá gbọ́ pé ọmọ ọmọ wọn kò lè rìn dé ilé-ìwé tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ tẹ̀ka, ọ̀rọ̀ náà ń ká mi lára.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní ẹgbẹ́ tó bá wà nílé ìjọba ló ń kó ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbàkigbà tí ìbò ìbílẹ̀ bá dé, ta ni ń fi oòrùn pa ara rẹ̀? Òótọ́ ni, ó sì burú. Òótọ́ tún ni pé lóṣù Karùn-ún 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ tú àwọn káńsù tí wọ́n dìbò yàn ká, ọdún méjì la fi wà láìní káńsù tí a dìbò yàn, kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ lọ́jọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2021 pé kò bófin mu. Ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ló ní lọ́jọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tí ará ìlú bá dìbò yàn. Owó ti fẹ́ dé tòsí, ẹ̀yin wá fẹ́ kúrò nítòsí?

Ẹ tún wo ti gómìnà ọdún 2023. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ẹni tó wọlé àti ẹni tó ṣe ìkejì, ìbò àwọn méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 820,000. Ibo ni àwọn yòókù wà? Orúkọ tí kò jáde wá tẹ̀ka ló máa ń rọ olè lọ́rùn jù láti bá tẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe olùdìbò nìkan ni a ó fi òṣùwọ̀n ọmọlúàbí wọ̀n. Tíṣà tó ń ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò, tó mú ìwé èsì lọ́wọ́ ńkọ́? Aṣojú ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé tí kò kà? Ọ̀gá tó ń pín owó lẹ́yìn ògiri, tó ń ní “dìbò kóo sebẹ̀”? Lọ́dún 2022, òfin ìdìbò fi ìtanràn tó tó ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12 sídìí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí. Ìyá tó gbà á, ebi ló ń pa á; n kò ní sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ẹni tó mọ iye ebi tó ń pa ìyá náà, tó sì wá fi ra ẹnu rẹ̀, òun ni kò ní ìwà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn baálé, ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò pọ̀. Ẹ má sọ ẹni tí a ó dìbò fún. Ẹ ṣáà bi ọmọ ilé nípa káàdì ìdìbò bí ẹ ṣe ń bi wọ́n nípa owó ẹgbẹ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ pe àwọn tó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ wá sí gbàgede, gbogbo wọn, láìka ẹgbẹ́ sí, kí ẹ fi Yorùbá bi wọ́n léèrè: èló ni ẹ̀ ń gbà lọ́jà wa, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?