Nígbà tí Ohun Gbogbo Bá Sú Ènìyàn

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àárẹ̀ ọkàn kan wà tí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Oúnjẹ wà nílẹ̀, ara sì le, síbẹ̀ ohun gbogbo sú ni. Ní Tápà àti ní gbogbo Ìbàràpá, bí ọ̀dọ́ kan bá sọ bẹ́ẹ̀, kíá ni àgbà yóò ní kí ó gbé ọkọ́, kí ó lọ sóko. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ti kọ ebè láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ pàápàá a máa sú ni.

Ẹ wo Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1920. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Ìránṣẹ́ a máa jókòó pẹ́ kí a tó rán an níṣẹ́. Kí ìjókòó náà má baà sú u, ó mú àjákù ìwé, ó sì ń kọ ìtàn sí i. Ní 1952, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, òkìkí rẹ̀ sì kàn kárí ayé.

Ọ̀mùtí inú ìwé náà ní igi ọ̀pẹ 560,000, ó sì ní adẹ́mu tirẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa mu ẹmu lọ. Nígbà tí adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, tí ó kú, àwọn ọ̀rẹ́ túká, ilé sì dá páropáro. Ìgbà náà ni ó tó dìde, tí ó wá a lọ sí ìlú àwọn òkú.

Ní Amẹ́ríkà, Herman Melville kọ Moby-Dick ní 1851. Ishmael, tí ó sọ ìtàn náà, a máa gba ojú òkun lọ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ṣú dẹ̀dẹ̀. Àárẹ̀ ọkàn ti í jáde nílé, ṣùgbọ́n kò bá a yan ọ̀gá rere. Ọ̀gá ọkọ̀ tí ó wọ̀ ń lépa ẹ̀san lára àbùùbùtán kan. Ọkọ̀ rì, òun nìkan ni ó sì yè.

Ìwọ òǹkàwé, àárẹ̀ ọkàn dà bí ebi. Ebi a máa ta ni jí, ṣùgbọ́n kì í yan oúnjẹ fún ni. Ẹni tí ebi ń pa lè jẹ iṣu, ó sì lè jẹ májèlé. Olójà tẹ́tẹ́ àti olójà igbó mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọ̀dọ́ tí nǹkan sú kiri. Nítorí náà, kí àwa àgbà má ṣe bú ọmọ tí ó ní nǹkan sú òun. Kí a fi ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe hàn án. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, má ṣe dúró dè wá. Nígbà tí ọjọ́ bá gùn, tí ọwọ́ sì dilẹ̀, wo ohun tí ó wà nítòsí rẹ. Àjákù ìwé lásán ni Tutuola rí.